Àpáàdì, Sìmẹ́ǹtì àti Táìlì: Àjọṣe Ayàwòrán-Ilé àti Amọ̀kòkò láti Ifẹ̀ dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Bí a bá dárúkọ àjọṣe láàárín àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn tí ń fi amọ̀ ṣe iṣẹ́ fún ilé, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí òkè òkun. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní àyíká tiwa, ṣùgbọ́n pé ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn tí ó fọwọ́ kan amọ̀ kún. Ẹ̀sà-Òkè ni a dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwọn ilé tuntun tí a ń kọ́ níbẹ̀, táìlì tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ni a fi ń bo ilẹ̀ pálọ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé á mú àwọ̀ kan, oníṣòwò á kó o dé, bíríkìlà á tẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí ó bi amọ̀kòkò ní nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ifẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó dájú jù wà. Láti 1957 ni Frank Willett ti ń walẹ̀ ní Ìta Yemòó. Ekpo Eyo walẹ̀ ní Láfọ̀gìdo ní 1969. Peter Garlake sì walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 sí 1972. Gbogbo wọn ni ó bá ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ pàdé. Bí a ti tẹ́ ẹ nìyí: a kò da àpáàdì náà délẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà lókè, ńṣe ni a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, tí a sì tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n fún mọ́ ara wọn. Níbòmíràn, ẹsẹ kan á dẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún, èkejì á dẹ̀gbẹ́ sí òsì, bí eegun ẹja. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni a fi la àárín wọn. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sí.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, ṣé àjọṣe ni a lè pe èyí? Ẹlòmíràn lè jiyàn pé àpáàdì kì í ṣe táìlì. Pé ìkòkò ọbẹ̀ àti ìkòkò omi ni amọ̀kòkò mọ, ó fọ́, ọ̀mọ̀lé sì ṣa á lò. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, àgbàlá kan ṣoṣo a máa gba àpáàdì lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì ṣòro láti gbà pé ohun tí ó fọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé nìkan ni ó tó bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹbu ni àwọn ọ̀mọ̀lé ti lọ kó púpọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí àwọn ìkòkò tí ó sán nígbà tí a ń sun wọ́n wà ní òkìtì òkìtì. Èrò ni a pè é o; a kò sọ pé a ti rí ẹbu náà.

Ohun tí ó dá wa lójú ni pé a ti ronú ilẹ̀ àti ilé pọ̀. Ibi tí ilẹ̀ alápáàdì náà parí sí wà lára ohun tí Garlake fi mọ ibi tí ògiri gbà, àti ibi tí àgbàlá tí òrùlé yí ká wà, bí ògiri amọ̀ náà tilẹ̀ ti wó tipẹ́. A sì rí ibi tí a ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà fún ohun mímu tí a ń ta sílẹ̀ fún òòṣà. Ẹni tí ó tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí abọrẹ̀ yóò dúró sí kí ó tó to àpáàdì kìíní.

Ìtàn Ifẹ̀ fi iṣẹ́ yìí fún Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ni kò fẹ́ kí ó ta sí òun láṣọ, ni ó bá pàṣẹ pé kí a tẹ́ gbogbo ọ̀nà. Ọjọ́ orí àwọn ilẹ̀ náà kò jẹ́ kí a lè kó gbogbo wọn sábẹ́ ìjọba ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn náà fi sílẹ̀ ni ó kàn wá jù. Ó dárúkọ ọba, kò dárúkọ amọ̀kòkò kankan. Bẹ́ẹ̀, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn amọ̀kòkò Yorùbá títí di òní. Obìnrin pàṣẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn obìnrin ni ó mọ ohun tí a tẹ́. Ìtàn gba ti èkíní, ó gbàgbé ti èkejì.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn kan tilẹ̀ so orúkọ Iléṣà pọ̀ mọ́ ìṣà, ìkòkò omi. A kò ní gbé ẹ̀rí lé ìtumọ̀ orúkọ nìkan, nítorí ìtumọ̀ mìíràn wà. Iṣẹ́ Akínwùmí Ògúndìran ní Ìlóyi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó jáde ní 2002, lágbára ju ìyẹn lọ: ìkòkò tí a wú níbẹ̀ fi hàn pé agbègbè náà wà nínú ìbáṣepọ̀ tí ó so Ifẹ̀ àti Benin pọ̀.

Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dé, ètò náà yí padà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew lo ògiri oníhò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú gbogbo ìwé, ti àwọn tí ó da blọ́ọ̀kù náà kò sí. Ní Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ulli Beier ní kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹranko, irú èyí tí ó máa ń wà lára ilé àwọn tí ó ti Brazil dé. Iṣẹ́ Àkànjí tayọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sórí ògiri oníhò: irin ni ó ń tẹ̀, tí ó ń fi sìmẹ́ǹtì bò, títí tí yóò fi di ènìyàn àti ẹranko. Ilé epo kan ní ìlú náà gba irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ó sì bá Susanne Wenger, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Kì í ṣe pé Wenger ya àwòrán kí ó sì máa tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Àkànjí hàn gbangba nínú iṣẹ́ Àkànjí. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ti Sàká Àrẹ̀mú àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ bíríkìlà, tí kì í ṣe amọ̀kòkò? Ìdí kan ni pé bíríkìlà wà níbi iṣẹ́ ilé ní ojoojúmọ́, ẹni tí ó ní ilé tàbí tí ó yàwòrán rẹ̀ yóò sì bá a níbẹ̀. Ẹbu ni amọ̀kòkò wà. Ìdí kejì wà nínú amọ̀ fúnra rẹ̀. Amọ̀ pẹlẹbẹ a máa ká nígbà tí ó bá ń gbẹ. Iná gbangba tí a fi ń sun ìkòkò kì í sábà kọjá ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ààrò táìlì ilé-iṣẹ́ ń kọjá 1,100. Nítorí náà, bí ayàwòrán-ilé bá lọ bá ìyá amọ̀kòkò pé kí ó ṣe táìlì, ohun tí amọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe dáadáa ni ó ń béèrè. Àwọn ọ̀mọ̀lé Ifẹ̀ kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì gbà á bí ó ti rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹni tí ó to irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ amọ̀kòkò dé ìdí, yálà òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ ọ́n, tàbí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni àjọṣe náà wà, ju ibi tí àpáàdì ti wá lọ.

Ilé tí Wenger gbé títí ó fi kú ní 2009 wà ní ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo, ògiri oníhò Àkànjí sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹni tí ó ń ti Òṣogbo lọ sí Ẹ̀sà-Òkè lè gbà.