Kọ́múníìsì: Ìpìlẹ̀ Èrò Rẹ̀ àti Ọ̀nà Tí Àwùjọ Lè Gbà Dé Ibẹ̀

Kọ́múníìsì ni èrò òṣèlú àti ti ọrọ̀-ajé tí ó sọ pé ilẹ̀, ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ àti gbogbo ohun èlò ìpèsè gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ti àwọn díẹ̀. Ní Yorùbá, a lè pè é ní ètò àjùmọ̀ní. Karl Marx (1818–1883) àti Friedrich Engels (1820–1895), ọmọ Jámánì méjèèjì, ni wọ́n fún èrò náà ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ìkéde tí wọ́n jọ kọ jáde ní ọdún 1848; ìdìpọ̀ kìíní ìwé ńlá Marx lórí ọrọ̀-ajé jáde ní 1867. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìpìlẹ̀ èrò náà àti ọ̀nà tí wọ́n ní a lè gbà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìrírí ìpínlẹ̀ Kàdúná láàárín 1979 sí 1981 yẹ̀ wò, ó sì fi wé ti Ayétòrò àti ti orílẹ̀-èdè Benin.

Ohun tí ó jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Kọ́múníìsì kò sọ pé kí ènìyàn má ní ohunkóhun. Aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀, ìkòkò tí ó fi ń se ọbẹ̀ àti ibùsùn rẹ̀ jẹ́ ohun ìní tirẹ̀, èrò náà kò sì bá wọn jà. Ohun tí ó ń bá jà ni pé kí àwọn díẹ̀ ní ohun tí àwọn yòókù kò lè ṣe aláìlò kí wọ́n tó jẹun. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ní Barakallahu, ní apá àríwá ìlú Kàdúná, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá ní ọkọ́ àti ilé tí ó ń gbé, kò fi ìyẹn rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá gba gbogbo ilẹ̀ oko àdúgbò náà, tí ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ sì ní láti máa ṣe alágbàṣe fún un kí wọ́n tó rí oúnjẹ òòjọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Marx ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá pe àáró tàbí ọ̀wẹ̀ ní kọ́múníìsì ṣì í pè. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n olóko kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó ìkórè rẹ̀ lọ sílé. Ilẹ̀ ẹbí sún mọ́ ọn díẹ̀, nítorí ẹnì kan kò lè dá a tà. Síbẹ̀, ẹbí nìkan ni ó ni ín, àlejò kò ní ìpín níbẹ̀. Marx àti Engels gbà pé oríṣiríṣi àjùmọ̀ní ti wà ní ayé àtijọ́. Àìtó ohun ìní ni ó bí irú àwọn bẹ́ẹ̀, nígbà tí èyí tí àwọn ń retí yóò dá lórí ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ti pèsè.

Ìpìlẹ̀ èrò náà

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni èrò náà fi dúró. Èkíní ni pé bí àwùjọ ṣe ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu irú òfin, ìjọba àti èrò tí yóò gbilẹ̀ níbẹ̀. Èkejì ni pé ìjà ń bẹ láàárín àwọn tí ó ní ohun èlò ìpèsè àti àwọn tí kò ní i, ìjà yìí ni ó sì ń ti ìtàn síwájú: ẹrú àti olówó rẹ̀, àgbẹ̀ àti onílẹ̀, òṣìṣẹ́ àti oníléeṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àlàyé lórí ibi tí èrè ti ń wá. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní gúúsù ìlú Kàdúná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tí aṣọ tí ó hun ní wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ sì ti tó owó iṣẹ́ rẹ̀. Iye tí iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin yòókù mú wá kò kàn án mọ́. Ti oníléeṣẹ́ ni. Marx sọ pé inú iye àlékún yìí ni èrè ti ń wá, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó jalè tàbí tí ó rú òfin. Ìdí nìyí tí ó fi sọ pé owó oṣù tí ó gbé pẹ́ẹ́lí nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ dára pàápàá kò ní àṣẹ lórí ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ó fa irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pọ̀, títí kan ọjà òkèèrè tí ó kún ọjà àti ọ̀wọ́n epo. Síbẹ̀, ìbéèrè Marx ṣì dúró: ta ni ó ní àṣẹ láti pinnu bóyá iṣẹ́ yóò tẹ̀ síwájú?

Ọ̀nà àtidé ibẹ̀

Marx kò ya àwòrán àwùjọ ọ̀la ní kíkún, ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ìpele tí a óò gbà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gba agbára ìjọba, wọn yóò sì fi sọ ohun èlò ìpèsè di ti gbogbogbò. Nínú àlàyé tí ó kọ ní 1875, ó pín ohun tí yóò tẹ̀ lé e sí ọ̀nà méjì. Ní ìpele ìsàlẹ̀, ìwọ̀n iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe ni a óò fi mọ ìpín rẹ̀. Ní ìpele òkè, tí ohun gbogbo bá ti pọ̀ tó, àìní oníkálukú ni a óò máa wò, kì í ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, ìjọba gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ ìfipámúni yóò rọ díẹ̀díẹ̀. Lenin, tí ó ṣáájú ìyípadà ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1917, ni ó sọ orúkọ sóṣálíìsì di ti ìpele ìsàlẹ̀ yìí.

Àríyànjiyàn kò tán lórí bí a ó ṣe gba agbára náà. Eduard Bernstein gbà pé ìdìbò àti àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ lè tó o. Rosa Luxemburg ta ko ó, ó ní àtúnṣe nìkan kò lè yí ìpìlẹ̀ padà. Ní ibi tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kò pọ̀, Mao ní ilẹ̀ Ṣáínà àti Amílcar Cabral ní Guinea-Bissau gbé àgbẹ̀ sí ipò pàtàkì nínú ìjà náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan Àríwá Nàìjíríà gan-an.

Ìrírí Kàdúná, 1979–1981

Ọ̀rọ̀ Hausa ni Yorùbá sọ di tálákà. Níbẹ̀, kì í ṣe aláìní nìkan ni ó ń tọ́ka sí. Ó ń tọ́ka sí gbogbo ẹni tí kì í ṣe ara àwọn tí ń jọba. Nígbà tí ẹgbẹ́ NEPU bẹ̀rẹ̀ ní Kano ní oṣù kẹjọ ọdún 1950, ó sọ gbangba nínú ìkéde rẹ̀ pé ìjà ìpele ń bẹ láàárín àwọn tálákà àti ìdílé àwọn tí ó di àṣẹ ìbílẹ̀ mú lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èrò yìí ni ẹgbẹ́ PRP ti Mallam Aminu Kano jogún ní 1978.

Ní 1979, Alhaji Balarabe Musa, oníṣirò owó, borí nínú ìdìbò gómìnà Kàdúná lábẹ́ PRP. Yusufu Bala Usman, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, di akọ̀wé ìjọba rẹ̀. Ìjọba náà kì í ṣe ti kọ́múníìsì, ṣùgbọ́n ó gbà pé ipò tálákà nínú ọrọ̀-ajé ni ó yẹ kí a yí padà. Ó fagi lé haraji, èyí tí Yorùbá ń pè ní owó orí, àti jangali, owó orí ẹran ọ̀sìn. Owó yìí ti wúwo lọ́rùn àgbẹ̀ àti darandaran láti ayé Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ àwọn olóyè ìbílẹ̀ ni ó sì ń gbà kọjá. Ẹni tí ó bá rántí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969 yóò mọ ìdí tí ìfagilé yìí fi dùn mọ́ àwọn ará oko.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NPN ni ó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọn kò fọwọ́ sí àwọn kọmíṣọ́nnà tí gómìnà yàn, ó sì ń ṣàkóso láìní wọn. Ẹgbẹ́ PRP fúnra rẹ̀ pín sí méjì: Michael Imoudu, àgbà olórí òṣìṣẹ́, wà ní ìhà kan pẹ̀lú àwọn gómìnà ẹgbẹ́ náà, Aminu Kano wà ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1981, ilé ìgbìmọ̀ yọ Balarabe Musa nípò. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a yọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìtumọ̀ méjì ni a lè fún ìtàn yìí. Àwọn kan lè sọ pé ó fi hàn pé ìdìbò kò lè gbé àwùjọ dé sóṣálíìsì: ọ́fíìsì gómìnà nìkan ni a gbà, ilé ìgbìmọ̀, ilẹ̀ àti owó ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Àwọn mìíràn lè dáhùn pé ìdìbò kò kùnà. Àtìlẹ́yìn tí ó tó ni kò sí, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ yí òfin padà gbọ́dọ̀ borí nínú ilé tí a ti ń ṣe òfin. Ohun tí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ipò olórí kò tó. Ìjíròrò náà kò parí síbẹ̀: ní 1983, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Marx, àpérò kan wáyé ní Zaria lórí Marx àti Áfíríkà.

Ayétòrò àti Benin

Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ya kúrò lára ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó sí etíkun Ìlàjẹ. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kó èrè sí àpò kan, ìlú sì ń bọ́ wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì ní iná mànàmáná ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Ìgbàgbọ́ ni ó gbé wọn ró, kì í ṣe ìwé Marx. Láti nǹkan bí 1968, iṣẹ́ àdáni bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé, àjùmọ̀ní sì rọ.

Ní Benin, ológun ni ó pàṣẹ rẹ̀. Mathieu Kérékou gba ìjọba ní 1972. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, ó kéde ní Abomey pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìlú yóò máa tẹ̀ lé. Ilé-iṣẹ́ ńlá di ti ìjọba. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, ilé ìfowópamọ́ ti wó, owó oṣù kò sì jáde mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ìjọba pa ẹ̀kọ́ náà tì. Àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 sì la ọ̀nà fún ìdìbò ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀.

Àríwísí

Àwọn tí ó ta ko kọ́múníìsì sọ pé láìsí iye owó tí ọjà ń pinnu, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí a pèsè àti ìwọ̀n rẹ̀. Ludwig von Mises gbé èyí kalẹ̀ ní 1920. Wọ́n tún sọ pé agbára tí a kó jọ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan kì í rọ bí Marx ṣe rò. Ìyàn ńlá ti 1932 sí 1933 ní Soviet jẹ́ ẹ̀rí búburú. Àwọn alátìlẹ́yìn ń dáhùn pé ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìní ìjọba, kì í ṣe ìní àwọn ènìyàn.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Ní orí ìwé, ó jọ àjùmọ̀ní. Ṣùgbọ́n bí ìlú Kàdúná ti ń gbòòrò, bí àgbẹ̀ kan ní Barakallahu bá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní ilẹ̀ tí ó ń dá oko sí ti di ti ẹlòmíràn, kò sí ohun tí ìkáwọ́ yẹn ṣe fún un bí kò bá ní ohùn níbi tí a ti pinnu rẹ̀. Ta ni ó ni ín jẹ́ ìdajì ìbéèrè kọ́múníìsì. Ta ni ó ń darí rẹ̀ ni ìdajì kejì.