Igi Oníwúrà nínú Ṣọ́ọ̀ṣì: Láti Bahia dé Oyè-Èkìtì

Igi gbígbẹ́ oníwúrà ni ọnà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Pọtogí àti Sípéènì fi ń ṣe pẹpẹ, àga ìwàásù àti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà lọ́ṣọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1600 àti 1700. Talha dourada ni àwọn Pọtogí ń pè é. Àsìkò Baroque nìyẹn, nígbà tí ìjọ fẹ́ kí ẹnu ya ẹni tó bá wọlé: òpó á lọ́ bí okùn, àjàrà á fà mọ́ ọn, àwọn áńgẹ́lì kéékèèké á máa yọjú láàárín ewé.

Kì í ṣe pé wọ́n yọ́ wúrà. Tí wọ́n bá gbẹ́ igi tán, wọ́n á sè gúlù láti inú awọ ẹran, wọ́n á po ẹfun mọ́ ọn, wọ́n á sì máa fi kun igi léraléra títí ojú rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀ bí eyín erin. Amọ̀ pupa tó kúnná ló tẹ̀ lé e. Òun ló ń jẹ́ kí wúrà náà pọ́n dẹ̀dẹ̀. Wúrà ọ̀hún, wọ́n ti lù ú títí ó fi fẹ́lẹ́ débi pé èémí lásán lè gbé e lọ. Ọwọ́ kì í kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń gbé e lé amọ̀ tí wọ́n ti fi omi rin. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi òkúta agate ra á títí á fi máa kọ mọ̀nà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco ní Salvador, Bahia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1708, wúrà yìí bo ilé láti ògiri dé àjà. Minas Gerais ni wúrà Brazil ti ń wá nígbà náà, àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ló ń wà á. Èmi ò lè yin ẹwà ṣọ́ọ̀ṣì náà kí n má dárúkọ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, apá kan àjà náà já, ó sì pa àlejò kan.

Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Yorùbá dé Bahia lọ́pọ̀ yanturu, títí di 1850, ṣọ́ọ̀ṣì yìí ti dúró. Nínú ìlú tó kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. Àwọn tó padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835, la wá ń pè ní Àgùdà l'Ékòó. Wọn kò kó wúrà bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé wá. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ l'Ékòó, tó parí ní 1881. João Baptista da Costa kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mọ́ṣáláṣí ńlá Pọ́tónófò pàápàá, ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ló ní.

Lápá òkè Ọya, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Ní Zaria, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ St. Bartholomew ti Wusasa ní 1929, bí àwọn Hausa ṣe ń kọ́lé.

Ní ti igi gbígbẹ́, Oyè-Èkìtì ni Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógun ti Òsì, ni ọ̀gá níbẹ̀. Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì gbẹ́ ọnà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Igi wọn kò ní wúrà lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bándélé fẹ́ gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọba Yorùbá ló gbẹ́, tàwọn ti adé lórí.