Ọ̀pá Ọ̀rányàn àti Lẹ́tà Hébérù: Bí Samuel Johnson Ṣe Ka Òkúta Ilé-Ifẹ̀

Ní Saint-Uzec, ní agbègbè Brittany lórílẹ̀-èdè Faransé, òkúta gíga kan wà tí àwọn ará àtijọ́ gbé nàró ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ibẹ̀. Ní 1674, wọ́n gbẹ́ àwọn àmì ìjìyà Jésù sí i lára, wọ́n sì fi àgbélébùú sí i lórí. Kò sí ẹni tó gbẹ́ àgbélébùú sára Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, òkúta yìí náà gba àmì Bíbélì. Kálàmù àlùfáà ló fi sí i, kì í ṣe irin agbẹ́kùúta.

Akọ òkúta ni ọ̀pá náà, ó ga tó nǹkan bíi mítà 5.5, ìṣó irin sì tò sí i lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọ̀rányàn, ológun tó tẹ Ọ̀yọ́ dó, wọlẹ̀ lọ, ó sì ṣèlérí pé òun yóò jáde bí ogun bá dé tí wọ́n pe òun. Wọ́n pè é lásán lọ́jọ́ kan. Ó jáde, ó ń pa àwọn èèyàn, àṣé àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Ó ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Nínú ìtàn yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kà lára òkúta.

Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ló kà á bí ìwé. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ títí ó fi jáde ní 1921. Ìwé náà ka ìṣó 61 sí ìlà àárín, àti 31 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ tí Johnson fún un ni pé Ọ̀rányàn lo ọdún 61 láyé, ó jọba ní ẹni ọdún 31, ó sì wà lórí oyè fún ọdún 31. Iye ọdún kò bára mu àfi bí a bá ka ọdún ìjọba àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí Yorùbá ti í kà á: ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin la fi ń ná an. Títí débẹ̀, ọgbọ́n ilé ló lò. Ṣùgbọ́n ó tún rí lẹ́tà Hébérù méjì láàárín àwọn ìṣó náà, Resh àti Yod, ó sì ní orúkọ Ọ̀rányàn ni wọ́n dúró fún. Sáàmù 119, tí lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkọlé ìpín kan nínú rẹ̀, ti mú kí orúkọ méjèèjì mọ́ pásítọ̀ lára.

Ìdí tí ó fi fẹ́ rí wọn kò fara sin. Johnson gbà pé láti ìlà-oòrùn ni àwọn baba ńlá Yorùbá ti wá, àti pé Ìwé Mímọ́ ni Ìdì tí wọ́n gbé wá, kì í ṣe Kùránì. Bí òkúta bá ń sọ èdè Hébérù, ó ti jẹ́rìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì dúró ní Ifẹ̀. Ìwé kan náà ló ka Eruwa mọ́ àwọn ìlú Ẹkùn Ọ̀tún ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó sì mẹ́nu ba àwọn Ìbàràpá ní ẹkùn náà. Ẹni tó bá fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn Aláàfin inú rẹ̀ díwọ̀n ọjọ́ orí Eruwa tàbí Igbó-Ọrà, ọ̀dọ̀ Ọ̀rányàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀.

Ẹlẹ́rìí mìíràn sì wà ní Ifẹ̀ tí Johnson kò pè. Inú igbó Ọ̀rẹ̀ ni ère òkúta tí à ń pè ní Ìdènà ti wá, ìṣó irin ni wọ́n sì kàn sí i lórí dípò irun.