Ẹ̀kọ́ Anátómì àti Sẹ́ẹ̀lì ní Yunifásítì

Anátómì ni ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe to ara ènìyàn. Ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì dá lórí àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara náà. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka kan náà ló ń kọ́ni ní méjèèjì. Òkú ni olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń bá pàdé ṣáájú aláìsàn. Fọ́málíìnì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kó má baà jẹrà, òórùn fọ́málíìnì náà a sì máa ta ni lójú gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ á bó awọ, á tọ iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn dé ìka. Egungun àgbàlagbà jẹ́ 206, kò sì sí ọ̀nà àbùjá láti mọ̀ wọ́n.

Máíkírósíkóòpù ni wọ́n fi ń wo sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á gé ẹran ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì pa á láró: hematoxylin á sọ kóró sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, eosin á sọ ìyókù di píǹkì. Robert Hooke ló sọ sẹ́ẹ̀lì lórúkọ ní 1665. Èyí tó ti kú, lára èèpo igi, ló rí. Láìyege ìdánwò anátómì, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kì í wọ wọ́ọ̀dù.