Toguna: Gbọ̀ngán Ìpàdé Àwọn Àgbà ní Ilẹ̀ Dogon

Bí a bá ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ọnà ìkọ́lé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ààfin àti mọ́ṣáláṣí ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Gbọ̀ngán ìpàdé abúlé kì í sábà jẹ yọ. Èyí ni ó mú wa yẹ toguna wò, gbọ̀ngán àwọn Dogon tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Bandiagara ní orílẹ̀-èdè Mali. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ọkùnrin ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, tí wọ́n sì ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ìlú.

Toguna kò ní ògiri. Òpó ni ó gbé òrùlé rẹ̀ ró: òpó igi ni ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, òpó òkúta tàbí amọ̀ sì wọ́pọ̀ lórí òkè. Pòròpórò ọkà jéró ni wọ́n ń tò lé ara wọn títí òrùlé náà yóò fi nípọn gan-an, tí ooru kò fi ní ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ ni ó jẹ wá lógún jù lọ. Òrùlé náà relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà kò lè nàró lábẹ́ rẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹni tí inú bá bí, tí ó fò dìde láti jà, orí ni yóò fi gbá òrùlé, yóò sì tún jókòó. (Ní kóòtù tiwa, ọlọ́pàá ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.)

Ní ti iye òpó, ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra. Marcel Griaule, onímọ̀ ará Faransé, fi ọ̀rọ̀ wá Ogotemmêli lẹ́nu wò ní 1946, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1948. Irú ìtàn ìṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń sọ pé òpó mẹ́jọ dúró fún baba ńlá mẹ́jọ gbára lé. Ní 1991, Walter van Beek, ẹni tí òun náà ṣe ìwádìí láàárín àwọn Dogon, kọ ọ́ pé òun kò rí ẹ̀rí fún púpọ̀ nínú ìtàn náà. Ní èrò tiwa, òrùlé tí ó relẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó ṣeé fi ojú rí.

Ère obìnrin tàbí ọmú wà lára òpó igi mìíràn. Ọ̀pọ̀ irú òpó bẹ́ẹ̀ ti di ọjà fún àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. UNESCO kọ agbègbè náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1989, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Mali ní 2012 lọ́wọ́ láti tàn débẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, wọ́n kọlu abúlé Sobane Da, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Bí a bá ta òpó, a lè gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Òrùlé pòròpórò ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí àwọn ará abúlé ráyè kórè jéró, kí wọ́n sì wà nílé láti tún un ṣe.