Àìbalẹ̀ Ọkàn àti Ìtàn Oògùn Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó sọ àrùn kalẹ̀ tí Ó sì sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjàn-Èkìtì, bí àyà ẹnì kan bá ń já ṣáá tí kò rí oorun sùn, àwa àáfà a máa yára sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, tàbí pé àlùjànnú ni. Abū Zayd al-Balkhī, tó kú ní 934 (322 Híjírà), kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ó ya ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti wasiwasi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní bí ara ti ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣe, ó sì wá ìtọ́jú fún wọn.

Nílẹ̀ wa, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn fi ń tọ́jú wèrè. Ní 1952, ní Switzerland, wọ́n yọ reserpine jáde lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Ó wà nínú tiwa náà. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ọfọ̀ nìkan! Àwọn èròjà tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn ni reserpine ń tú dànù, ara á sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè mú ìbànújẹ́ wá, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò Àrò ní Abẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní abúlé ìtòsí, wọ́n sì pe oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọlọ́gbọ́n ni baba yẹn.

Valium dé ní 1963. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní GABA ni bíréèkì ọpọlọ. Valium ń mú kó di nǹkan mú dáadáa. Kíá ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó wá dá a dúró lójijì, ìbẹ̀rù á padà, gìrì pàápàá lè gbé e. Ẹ yé rà á ní kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà.

Fluoxetine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kí serotonin pẹ́ láàrin iṣan. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé e jù, tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ń dá a dúró nítorí ààwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni fluoxetine sábà máa ń jẹ́: ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè lò ó nígbà sààrì.