Owó Ìrànwọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè àti Híhú Àdó Olóró Abẹ́ Ilẹ̀ ní Mòsáḿbíìkì, 1992–2015

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn: ta ni ó ń pinnu ibi tí a ó ti kọ́kọ́ hú àdó olóró, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ni owó kọ́ ni ó ni ilẹ̀? Mòsáḿbíìkì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí àdó olóró pọ̀ sí gan-an tí wọ́n sì hú gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀ kúrò. A lè tipa bẹ́ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọwọ́ tí ó ri àdó wọ̀nyí mọ́lẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Àwọn ọmọ ogun Pọtogí rì wọ́n nígbà tí wọ́n ń bá FRELIMO jà láàárín 1964 sí 1974, pàápàá ní àyíká ìdídò Cahora Bassa. Àwọn ọmọ ogun Ròdéṣíà rì wọ́n sí ẹnu ààlà. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1975 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba FRELIMO àti RENAMO, ẹgbẹ́ tí Ròdéṣíà dá sílẹ̀ tí Gúúsù Áfíríkà sì gbà tọ́ lẹ́yìn 1980. Tọ̀tún-tòsì ni ó rì wọ́n: sí ìdí òpó iná, sí ìdí afárá ọkọ̀ ojú irin, sí ọ̀nà odò, sí ojú ọ̀nà oko.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Róòmù ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 1992, iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ń dárúkọ ni mílíọ̀nù méjì àdó. Àfojúdá ni; kò sí ẹni tí ó kà á. Ṣùgbọ́n ìṣòro kékeré kì í fa owó ńlá jáde, iye yìí ni ó sì là àpò àwọn olùrànlọ́wọ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí, HALO Trust, tí ó dé ní 1993, kà ju 171,000 lọ tí òun nìkan hú, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ohun tí a rí lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílíọ̀nù méjì náà.

Owó wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò yá. Ọdún 1994, ọdún kan náà tí wọ́n dìbò, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ títú nǹkan bí 2,000 kìlómítà ojú ọ̀nà fún àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí ó pawọ́ pọ̀: Lonrho, Mechem àti Royal Ordnance. Inú ètò ìpèsè ohun ìjà ìjọba Gúúsù Áfíríkà ni Mechem ti jáde. Ilé iṣẹ́ ìpèsè ohun ìjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni Royal Ordnance. Ó ya ni lẹ́nu pé ẹni tí ó wà nídìí iná náà ni a tún ń sanwó fún láti bá wa pa á. A kò sọ pé ojú ọ̀nà kò ṣe pàtàkì: ọkọ̀ oúnjẹ ní láti kọjá, àwọn tí ogun lé lọ sí ilẹ̀ òkèèrè sì ní láti padà sílé. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ létí títì ṣì ní láti fẹsẹ̀ rìn dé oko rẹ̀, àdó sì wà ní ọ̀nà ẹsẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àjọ pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, bí ẹni pín ẹran ìgbẹ́. HALO mú àríwá. Norwegian People's Aid, tí Nọ́wè ń ná owó fún, mú àárín. Ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan dá sílẹ̀ mú gúúsù. Inú àpò ẹnìkọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà. Ọdún 1999 ni ìjọba tó dá àjọ tirẹ̀, IND, sílẹ̀, ní ọdún kan náà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó gba Àdéhùn Ottawa ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ wọn ní Maputo.

Kánádà sanwó ìwádìí ńlá kan tí ó parí ní 2001. Ìwádìí náà ka àwùjọ 791, ó sì fura sí ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 558 mítà onígun mẹ́rin. Ìwádìí yìí gan-an ni ó fa ìfàsẹ́yìn, ní èrò tiwa. Ilẹ̀ tí kò ní àdó kankan wọ inú rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, àgbẹ̀ kò lè dá a, òṣìṣẹ́ kò sì lè tú u tán. Bí iye náà kò ṣe dín kù lójú àwọn olùrànlọ́wọ́ ni ó sú wọn. Kí ọdún 2007 tó parí, Norwegian People's Aid àti ètò Àjọ Ìṣọ̀kan ti ṣíwọ́ iṣẹ́ híhú. Àkókò tí ó le jù nìyẹn, nítorí pé àdó ṣì wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà kì í ṣe owó tuntun ní àkọ́kọ́. Wọ́n tún ìwádìí ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà náà ní 2007. Wọ́n lọ bá àwọn ará abúlé fúnra wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ń yà fún hàn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 12 mítà onígun mẹ́rin ni ó kù lọ́wọ́. Lóòótọ́, wọ́n tún rí òmíràn nígbà tí ó yá, wọ́n sì tọrọ àfikún àkókò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n IND ti ní ìwé kan ṣoṣo báyìí, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń parí kí wọ́n tó kọjá sí èkejì. Olùrànlọ́wọ́ lè rí òpin ohun tí ó ń sanwó fún. Ó sì san án. Àjọ APOPO, tí ó ń fi òkété tí a kọ́ níṣẹ́ gbóòórùn àdó, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ apá ìkẹyìn yìí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 2015, ìjọba kéde pé kò sí ibi tí a mọ̀ mọ́ tí àdó wà.

Owó kan wà tí kò rin ọ̀nà yìí. Àdéhùn Ottawa pàṣẹ ìtọ́jú àwọn tí àdó sọ di abirùn pẹ̀lú híhú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá kékeré nínú owó ìrànwọ́ lágbàáyé ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ilẹ̀ tí a hú ṣeé wọ̀n, ṣeé kéde, ṣeé fi ọjọ́ sí. Ẹsẹ̀ tí a fi igi tàbí ike rọ́pò ń fẹ́ pípààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, títí tí ẹni náà yóò fi kú, irú àkókò bẹ́ẹ̀ sì ṣòroó kọ sínú ìwé àdéhùn olùrànlọ́wọ́.